Pátákó Àwọ̀ àti Kọ̀ǹpútà Mẹ́ta

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Bàbá mi,

Owó tí mo fi pamọ́ fúnra mi: 940
Èyí tí ẹ kó lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mò ń bọ̀: 600
Àpapọ̀: 1,540
Owó ọkọ̀ lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà, ẹ̀ẹ̀mẹta: 12
Tíì tí mo rà fún ẹni tó mú mi yí ọjà ká: 4
Owó yàrá tí wọ́n ti ń háyà kọ̀ǹpútà, ọjọ́ mẹ́ta: 24
Àpapọ̀ ìnáwó: 40
Ó kù: 1,500

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n jíhìn owó kí n tó la ẹnu sí ọ̀rọ̀ míì, nítorí náà ẹ má bínú pé owó ló ṣáájú ìkíni. Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ kú oòrùn orí àkàbà tí ẹ ti ń kun pátákó. Mo kúnlẹ̀ kí màmá mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ni mo jókòó sí tí mò ń kọ̀wé yìí, torí yàrá mi ò gba tábìlì. Mi ò pè yín lórí fóònù nítorí ẹ máa ń sọ pé ìṣirò tí èèyàn ò fojú rí, àlá ni.

Ilé ìtẹ̀wé kan níbí ń wá ẹni tó máa ya àwòrán méjìlá sínú ìwé ọmọdé. Ìtàn ewúrẹ́ kan ni, tí wọ́n gbà síṣẹ́ ọlọ́dẹ nínú ọgbà ẹ̀fọ́. Àwa mẹ́fà la ń du iṣẹ́ náà. Oníkálukú á ya mẹ́ta wá fún ìdánwò, kò sì gbọdọ̀ kọjá ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹta. Ẹni tí wọ́n bá mú á gba 2,400. Ní ilé ìfọṣọ tí mo wà yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń pa iye yẹn, tí ọwọ́ mi á sì máa bó bí ẹ̀pà. Bàbá mi, mo fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Àmọ́ olóòtú wọn ní àwọn ò gba àwòrán orí pépà mọ́, inú kọ̀ǹpútà ni kí a ti yà á. Oríṣi méjì ni mo rí. Wọ́n ya èso tí ẹnìkan ti gé jẹ sí ẹ̀yìn ọ̀kan. Mo sọ ọ́ ní Eléso. Èkejì máa ń fi fèrèsé hàn tí wọ́n bá tàn án. Mo sọ ọ́ ní Olójú-fèrèsé. Èyíkéyìí tí mo bá rà, mo ní láti ra síléètì ìyàwòrán mọ́ ọn: wọ́n á fi bíírò tí kò ní íǹkì fa ilà lórí rẹ̀, ilà náà á sì jáde lójú kọ̀ǹpútà. 210 ni síléètì. Ètò tí wọ́n fi ń yàwòrán nínú kọ̀ǹpútà, 20 lóṣooṣù, ìbáà ṣe Eléso, ìbáà ṣe Olójú-fèrèsé.

Eléso tó ti lo ọdún kan jẹ́ 1,480. Pẹ̀lú síléètì, 1,690. Owó mi fi 190 dín.
Olójú-fèrèsé tuntun jẹ́ 820. Pẹ̀lú síléètì, 1,030. Owó mi á ṣẹ́ 470.

Ẹ ó ní ìṣirò ti parí nìyẹn. Kò tíì parí, sà. Àwa mẹ́jọ la wà ní kíláàsì ìyàwòrán tí mò ń lọ nírọ̀lẹ́. Eléso ni àwọn mẹ́fà ń lò. Ẹnìkan ṣoṣo tó ní Olójú-fèrèsé máa ń tọrọ gáfárà kó tó ṣí i. Mi ò fẹ́ wọlé tọ olóòtú pẹ̀lú ohun tí mo máa tọrọ gáfárà fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní 190.

Ọmọ yín,
Lẹ́ẹ̀dì


Ogúnjọ́, oṣù kejì

Lẹ́ẹ̀dì ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọwọ́ rẹ tó ń bó. Ìyá rẹ ka lẹ́tà rẹ, ó ní irú ọmọ wo ló ń ka owó kó tó kí bàbá rẹ̀. Mo ní ọmọ tí mo tọ́ ni. Ó ní ó hàn lára ẹ̀.

Mo ti ṣe ìwádìí. Mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ onítẹ̀wé ìsọ̀ kejì sí tiwa. Olójú-fèrèsé lòun ń lò, ó ní ó ti pé ọdún mọ́kànlá kò sì tíì kú. Mo bi í léèrè ohun tó ti pààrọ̀ nínú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lórí ìka. Nígbà tó fi máa kà á tán, àpótí rẹ̀ nìkan ló kù tí kò tíì pààrọ̀. Lẹ́yìn náà mo lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó. Eléso ni tirẹ̀, ó ti lò ó fún ọdún mẹ́jọ. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ló ṣàìsàn rí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i ní gbogbo àdúgbò yìí, oṣù méjì ló fi jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú.

Mo wá jókòó, mo pín in. 1,480 sí ọdún mẹ́jọ, 185 lọ́dún. 820 sí ọdún mẹ́rin, nítorí tuntun ayé ìsinsìnyí kì í pẹ́ bíi ti onítẹ̀wé, 205 lọ́dún. Inú mi ò dùn sí èsì yẹn rárá. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, mo gbé e fún ìyá rẹ náà kó ṣe é. Ohun tó wọ́n ni kò wọ́n, ohun tó pọ̀ ni kò pọ̀. Ìṣirò ò mọ ojú ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n 20 lóṣooṣù yẹn ló gbé oúnjẹ lẹ́nu mi. 240 ni lọ́dún. Ní ọdún mẹ́jọ, 1,920, ó ti ju Eléso fúnra rẹ̀ lọ. Ṣé búrọ́ọ̀ṣì lẹ wá ń háyà níbẹ̀ ni? Búrọ́ọ̀ṣì mi tó dàgbà jù ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọjọ́ tí mo bá sùn, òun náà á sùn, kì í béèrè owó oorun lọ́wọ́ mi.

Nǹkan kan wà tí o ò sọ nínú gbogbo lẹ́tà rẹ. O sọ iye, o sọ ojú tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ fi ń wò ọ́. O ò sọ bóyá pupa tí o bá kùn nínú ẹ̀rọ náà ni pupa tó máa jáde lórí ìwé. Nítorí náà mo fi pátákó àwọ̀ mi ránṣẹ́ sí ọ lọ́tọ̀. O mọ̀ ọ́n: àwọ̀ mẹ́rìnlélógún, nọ́ńbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, iye ṣíbí ọ̀dà tí mo pò wà lẹ́yìn. Gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ méjèèjì. Èyí tó bá ń purọ́, fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Owó ìfiránṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 31 ní owó ọ̀dọ̀ yín, mo sì rí i pé ó pọ̀.

Mi ò tíì fi 190 ránṣẹ́.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, kí màmá mi má baà ní mi ò kí yín.

Lẹ́tà yín dé. Pátákó ò tíì dé ọ̀dọ̀ mi, ilé ìfìwéránṣẹ́ ti dì í mú, wọ́n ní kí n wá san 9 kí n tó gbé e. Mo béèrè 190, ẹ fi igi ránṣẹ́ sí mi, mo sì tún máa sanwó orí igi. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n awakọ̀, obìnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Mo ní láti jẹ́wọ́ ohun kan. Ẹlòmíì ti ń yẹ Eléso yẹn wò, ẹ̀rù bà mí, mo bá san 200 sílẹ̀ fún alágbàtà tó ń tà á. Tí mi ò bá san ìyókù títí di ọjọ́ kejìdínlógún oṣù yìí, 200 ti wọ omi. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin náà, ẹ ti fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe ìwádìí nípa kọ̀ǹpútà onítẹ̀wé, ìdánwò mi ò sì dúró de onítẹ̀wé.

Ẹ̀gbọ́n awakọ̀ ní kí ni mò ń yọ ara mi lẹ́nu fún, pé oríṣi kẹta wà. Òun ń pè é ní Ọlọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn èèyàn tí kò mọ ara wọn rí ló jọ kọ ọ́, wọ́n sì ń pín in fún ẹni tó bá fẹ́, àti òun àti ètò ìyàwòrán inú rẹ̀. Inú ògbólógbòó Olójú-fèrèsé ni wọ́n ti máa ń gbé e sí. Mo bi í pé kí ló dé tí gbogbo ayé ò fi lò ó. Ó ní tó bá bàjẹ́, ìwọ fúnra rẹ lo máa tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì lòun fi wá bí ohùn ṣe máa jáde nínú tòun. Mi ò ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ ṣàánú mi ní ti 190 yẹn.

Lẹ́ẹ̀dì


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta

Lẹ́ẹ̀dì,

Mo kí ọ. Mo ka ọ̀rọ̀ 200 yẹn lórí ìdúró, mo wá jókòó tún un kà. Mi ò ní sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìyá rẹ ti sọ ọ́ tán.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀: ṣé o ti gbé pátákó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ? Mi ò rò pé mo sọ èyí fún ọ rí. Kí a tó bí ọ, mo gba iṣẹ́ pátákó ilé oògùn kan. Òjò ń rọ̀, mo bá ta tapólì búlúù bò mí lórí, mo ń kùn lọ lábẹ́ rẹ̀. Funfun tí mo pò ń wò mí bíi búlúù, mo bá ń fi yẹ́lò díẹ̀díẹ̀ tún un ṣe títí ó fi funfun lójú mi. Nígbà tí a gbé e bọ́ sí oòrùn, ó rí bí eyín ẹni tí kò fọ ẹnu láti ọjọ́ ìsinmi. Olóògùn wò ó, ó wò mí, ó ní, "Àwọn tó bá rí èyí, ilé oògùn míì ni wọ́n máa wá lọ." Mo tún un kùn lọ́fẹ̀ẹ́. 37 ni ọ̀dà náà ná mi, mo sì ń rántí rẹ̀ títí dòní. Ọwọ́ mi ò ṣẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí mo fi wò ó ló tàn mí.

Bàbá rẹ

Ọmọ mi, èmi ni mo ń lẹ àpòòwé, mo yára kọ ti èmi sí i. Bàbá rẹ ti bá onítẹ̀wé ná àkàbà gíga, 190 géérégé ní owó ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n dúró sí. Ó ní orúnkún ń dun òun, pé òun ò nílò rẹ̀ mọ́. Irọ́ ni. Tí àkàbà yẹn bá lọ, ògiri kúkúrú nìkan ló kù fún un, wọn kì í sì í sanwó gidi lórí ògiri kúkúrú. Má jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo sọ ọ́. Màmá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Lẹ́ẹ̀dì,

Mo kí ọ, bí o bá ṣì ń gba ìkíni.

Láti ọjọ́ kẹrin ni mi ò ti gbúròó rẹ. 190 ti wọ báǹkì rẹ láti ọjọ́ kẹrìndínlógún, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Onítẹ̀wé ń bi mí lójoojúmọ́ pé kí lọmọ yìí wá rà. Mo ní mi ò mọ̀. Èmi tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ṣíbí, tí mi ò da ọ̀dà láìwọ̀n ọ́n rí, mi ò mọ ohun tí owó mi rà. Bí o bá ti ra Eléso, sọ. Bí wọ́n bá ti gba 200 lọ́wọ́ rẹ, sọ. Ìdánwò rẹ á ti kọjá kí lẹ́tà yìí tó dé, nítorí náà kò wúlò fún nǹkan kan. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo kúnlẹ̀ bí obìnrin. Ẹ má bínú. Kì í ṣe pé mo gbàgbé yín. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ìjíhìn àbọ̀, irọ́ ni, ìṣirò mi ò sì parí títí di àná. Gbogbo ọjọ́ tí ẹ fi ń wo ọ̀nà, ìwé ìṣirò náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi, mò ń dúró de iye kan ṣoṣo. Ẹ gbọ́ bó ṣe lọ.

Mo gba pátákó, mo gbé e lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń háyà kọ̀ǹpútà, ọjọ́ kan ṣì kù nínú mẹ́ta tí mo ti san, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti àárín ẹ̀rọ méjèèjì. Mo mú nọ́ńbà 7, pupa tí ẹ fi kun ilẹ̀kùn wa, ṣíbí pupa mẹ́rin, dúdú àbọ̀. Lójú Eléso, mo po pupa títí ó fi bá a mu, mo fi kun ewúrẹ́ kan. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ náà lójú Olójú-fèrèsé. Mo wá gbé méjèèjì lọ tẹ̀ sórí ìwé, ojú ìwé méjì méjì, kó má lọ jẹ́ àṣìṣe. Bàbá mi, kò sí èyí tó bá pátákó mu. Ojú Eléso mọ́lẹ̀ jù, mo ti fi dúdú kún un láìmọ̀, ó jáde bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ. Ojú Olójú-fèrèsé ti ṣá, mo ti po pupa jù, ewúrẹ́ mi jáde bí ẹni tí iná ń jó. Àwọn méjèèjì ló purọ́. Ti Eléso kàn dùn ún gbọ́ ni.

Ibi tí mo ti lọ tẹ̀ ẹ́, àgbà atẹ̀wé kan wà níbẹ̀ tó ń bá ilé ìtẹ̀wé yẹn ṣiṣẹ́. Ó rí pátákó lábẹ́ apá mi, ó gbà á, ó yí i padà, ó ka iye ṣíbí tó wà lẹ́yìn láti orí dé ìsàlẹ̀. Ó bi mí pé ta ló po èyí. Mo ní bàbá mi ni. Ó ní, "Ojú ni kí o rà, ọmọ mi, kì í ṣe orí. Èyíkéyìí nínú àwọn ẹ̀rọ yẹn ló lè ronú. Ohun tí o fi ń wò ó ni kò gbọdọ̀ tàn ọ́."

Ó fi ojú kọ̀ǹpútà kan hàn mí tí àwọn atẹ̀wé máa ń lò, àlòkù, fífẹ̀, ó wúwo bí ilẹ̀kùn. Wọ́n máa ń fi ohun kékeré kan kọ́ iwájú rẹ̀ tó ń ka àwọ̀ tó ń jáde, wọ́n á sì fi tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe tán, mo po àwọ̀ mẹ́rìnlélógún náà lójú rẹ̀ bí iye ṣíbí ẹ̀yìn pátákó ṣe wí, mo gbé pátákó sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mẹ́tàlélógún bára mu. Nọ́ńbà 19 nìkan ni kò bá a mu, àgbà náà sì ní ẹ̀yin lẹ pò ó ṣì. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́.

Ìyẹn ni mo fi lọ bá alágbàtà ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, mo ní mi ò ra Eléso mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ fún wákàtí kan gbáko. Ó dá 150 padà, ó mú 50. 50 yẹn ṣì ń dùn mí lábẹ́ ìhà. Mo ra Olójú-fèrèsé àlòkù, Ẹ̀gbọ́n awakọ̀ gbé Ọlọ́fẹ̀ẹ́ sínú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni bíírò síléètì fi ṣàìgbọràn. Tí mo bá fà á sí ọ̀tún, ilà á lọ sí òsì. Ẹ̀gbọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀. Kò gba owó, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mẹ́fà ló ní kí n bá òun fọ̀. Iye tí mo sì ń dúró dè ni ti ojú kọ̀ǹpútà yẹn: àgbà náà ní kí n kọ́kọ́ lò ó, pé òun á béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá òun. Àná ló tó sọ iye fún mi.

1,500, àti 190 tí ẹ fi ránṣẹ́: 1,690
Owó orí igi: 9
Ojú ìwé mẹ́rin tí mo tẹ̀: 12
Èyí tí alágbàtà mú: 50
Olójú-fèrèsé àlòkù: 380
Síléètì: 210
Ojú kọ̀ǹpútà: 140
Owó ohun tó ń ka àwọ̀, ọjọ́ kan: 10
Ọlọ́fẹ̀ẹ́ àti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀: òfo
Àpapọ̀ ìnáwó: 811
Ó kù: 879

Nínú rẹ̀, mo ti fi 190 padà sí báǹkì yín láàárọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gba àkàbà yín. Ẹ má bi mí pé ta ló sọ fún mi.

Mo fi àwòrán mẹ́ta sílẹ̀ ní ọgbọ̀njọ́, ó ku wákàtí méjì kí wọ́n tilẹ̀kùn. Mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Mo ṣì ń fọ aṣọ.

Lẹ́ẹ̀dì


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Bàbá mi, màmá mi,

Mo kí yín lẹ́ẹ̀mejì-méjì. Wọ́n mú mi.

Olóòtú pè mí sí yàrá rẹ̀. Ó ti to àwòrán àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí tábìlì, èyí tí wọ́n tẹ̀, ó sì ṣí ti ojú kọ̀ǹpútà sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ó ní gbogbo wa la mọ ewúrẹ́ yà, pé òun tilẹ̀ rí ewúrẹ́ tó wuyì ju tèmi lọ. Mo gbé e mì. Ó ní ṣùgbọ́n tèmi nìkan ni ohun tó jáde lórí ìwé bá ohun tí mo yà mu, òun ò sì ní agbára láti máa fi oṣù méjì bá ayàwòrán jà lórí àwọ̀ ẹ̀fọ́. Kò béèrè ẹ̀rọ tí mo lò. Èmi ni mo ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ sọ fún un.

Wọ́n ti san 800 nínú 2,400. Mo ti fún ilé ìfọṣọ ní ìwé pé mò ń lọ. Alábòójútó wa ní kí n ya òun sínú ìwé náà, mo ní ọgbà ẹ̀fọ́ nìkan ló wà níbẹ̀.

Nǹkan méjì. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá 600 yín padà díẹ̀díẹ̀. Èkejì, kò sí àwọ̀ kan nínú àwòrán méjèèjìlá tí kò ní wá láti orí pátákó yín. Mo ti yọ 5 nínú ọgọ́rùn-ún fún yín, 120 ni gbogbo rẹ̀. 40 àkọ́kọ́ ti ń bọ̀, ìyókù á máa bọ̀ bí wọ́n bá ṣe ń sanwó fún mi.

Lẹ́ẹ̀dì


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún

Lẹ́ẹ̀dì ọmọ mi,

Mo kí ọ gan-an. Ìyá rẹ gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi kí n tó kà á tán, ó gbé e yí àdúgbò ká. Ó dé ilé tán ló wá rántí pé mi ò tíì ka ìdajì ìsàlẹ̀.

Àkàbà ti wà nílé. Onítẹ̀wé kọ́kọ́ béèrè 205, ó ní òun ti tọ́jú rẹ̀. Mo ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló fi í tì, ṣé ìtọ́jú nìyẹn? A dúró sí 190, mo sì máa bá a tún nọ́ńbà ìsọ̀ rẹ̀ kọ. Orúnkún ò dùn mí mọ́, má bi mí bó ṣe san.

Nọ́ńbà 19, mo ti tún un pò. Àgbà yẹn ò purọ́. Mo ti kọ iye ṣíbí tuntun sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà yìí, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn pátákó.

Ní ti 600: ẹ̀bùn ni. Mi ò kọ ọ́ sínú ìwé gbèsè, mi ò sì mọ ojú ìwé tí mo máa ti yọ ọ́ kúrò. Má tún dárúkọ rẹ̀ fún mi mọ́.

120 jẹ́ nǹkan ọ̀tọ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bùn, owó iṣẹ́ ni, owó iṣẹ́ sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Mo ti ṣí ojú ìwé tuntun fún un, mo kọ "Ewúrẹ́" sí òkè rẹ̀.

Nọ́ńbà 19 tuntun: yẹ́lò ṣíbí mẹ́ta, búlúù ṣíbí kan, funfun ìdajì ṣíbí.

Owó iṣẹ́ àwọ̀: 120
Mo gbà: 40
Ó kù lọ́wọ́ rẹ: 80

Bàbá rẹ